Oúnjẹ Ni, Kì í Ṣe Ìmùlẹ̀

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá fẹ́ ṣe Ìdàpọ̀ Mímọ́ ní Ìdànrè, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí ìwàásù bá ti parí, àwọn bàbá kan á mú fìlà wọn, wọ́n á rọra jáde. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Àwọn mìíràn á jókòó, ṣùgbọ́n wọn kò ní dé ibi pẹpẹ. Bí ẹ bá béèrè ìdí, ẹ ó gbọ́ pé ìmùlẹ̀ ni Jésù bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ní alẹ́ ọjọ́ tí Júdásì dà á, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ́ tó bá jẹ ẹ́, nǹkan náà á mú un. Wọ́n á sì fi kún un pé, "Ẹ ò rí Júdásì ni?"

Mo mọ ohun tó mú kí ìtàn yìí dùn létí wa. Kí Charles Phillips tó dé Oǹdó ní 1877 gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, àwọn baba wa ti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn méjì jọ mu, kí ilẹ̀ sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa ife, ẹ̀jẹ̀ àti májẹ̀mú, ibi tí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Kì í ṣe ìwà òpè rárá. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a ní nípa oúnjẹ yìí ni ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ní nǹkan bí ọdún 54, kí a tó kọ èyíkéyìí nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìjà oúnjẹ ló mú un kọ ọ́. Nígbà náà, oúnjẹ gidi ni wọ́n ń pàdé jẹ, oúnjẹ tó ń yó ènìyàn. Àwọn ọlọ́rọ̀ á tètè dé, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu títí ọtí á fi pa wọ́n. Ebi ni yóò sì máa pa àwọn tí kò ní. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó ni oko kòkó ti jẹ iyán tán kí alágbàṣe rẹ̀ tó ti oko dé, tí ó wá ń pe ìyẹn ní àjọjẹ.

Ohun tó bí Pọ́ọ̀lù nínú nìyẹn. Òótọ́ ni pé ó sọ pé àìsàn ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, pé àwọn kan ti kú; gbólóhùn yẹn gan-an ni àwọn oníwàásù wa kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dárúkọ: wọ́n dójú ti àwọn tí kò ní nǹkan. Ẹ sì wo oògùn tí ó júwe: kí wọ́n dúró de ara wọn, kí ẹni tí ebi ń pa jẹun nílé kó tó wá. Ó ní kí oníkálukú yẹ ara rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kó jẹ. Kò ní kí ó yẹ ara rẹ̀ wò kó sì mú fìlà.

Ọ̀rọ̀ Júdásì ńkọ́? Lúùkù sọ pé ọwọ́ ọ̀dàlẹ̀ náà wà lórí tábìlì lẹ́yìn tí búrẹ́dì àti ife ti yí ká. Ó sì ti sọ ṣáájú pé Èṣù wọ inú rẹ̀ kí àsè náà tó bẹ̀rẹ̀. Jòhánù ló ní lẹ́yìn òkèlè ni, ṣùgbọ́n ìtàn ẹsẹ̀ wíwẹ̀ ni Jòhánù ń sọ níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ búrẹ́dì àti ife ní alẹ́ yẹn rárá. Pétérù náà jẹ níbẹ̀, ó sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí àkùkọ tó kọ, àwọn yòókù sì sá. Bí ó bá jẹ́ ìmùlẹ̀ tó ń pa ọ̀dàlẹ̀ ni, ta ni ìbá kù nínú wọn tí yóò wàásù?

Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà Róòmù ní Bìtíníà, èyí tó wà ní àríwá ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, kọ̀wé sí Késárì Trajan nípa àwọn Kristẹni. Ó ní wọ́n máa ń pàdé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á kọrin, wọ́n á sì búra pé àwọn kò ní jalè, àwọn kò ní ṣe àgbèrè, àwọn kò ní yẹ àdéhùn. Wọ́n á wá túká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún padà pé jọ láti jẹun, oúnjẹ lásán tí kò ní èèmọ̀ kankan. Kèfèrí tó ń ṣe ìwádìí lórí wọn ló sọ ọ́: ọ̀tọ̀ ni ìbúra, ọ̀tọ̀ ni oúnjẹ.

Ìwé Pliny yìí kan náà ló dá àwọn ọ̀dọ́ wa lóhùn, àwọn tó ń pariwo pé Késárì Constantine ló dá oúnjẹ yìí sílẹ̀ ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nísíà ní 325. Ọgọ́rùn-ún méjì ọdún ó lé ni Pliny fi ṣáájú ìpàdé náà.

Níbo wá ni fìlà mímú ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ ni, òfin ìjọ tó dí olóbìnrin púpọ̀ lọ́nà ibi tábìlì náà ló sì mú un wá. Henry Venn ti CMS ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé lòdì sí ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀ ní 1856. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà fọwọ́ sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé Lambeth ní 1888. Ní 1917, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó lé àwọn ọmọ ìjọ tó ní ju aya kan lọ, àwọn yẹn sì lọ dá ìjọ tí a mọ̀ sí Ẹlẹ́ja sílẹ̀. Nígbà tó di 1988, Lambeth yìí náà ló ní a lè gba olóbìnrin púpọ̀ wọlé pẹ̀lú àwọn aya rẹ̀, bí ó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́. Ohun tí ìpàdé lè gbé kalẹ̀, tí ìpàdé tún lè yí padà, kò lè jẹ́ èèwọ̀ tó ń ti inú búrẹ́dì jáde pa ènìyàn.

N kò sọ pé kò sí ọgbà yí tábìlì náà ká. Justin, Kristẹni kan, kọ ọ́ ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 155 pé ẹni tó gbàgbọ́, tó ti ṣe ìrìbọmi, tó sì ń gbé gẹ́gẹ́ bí Kristi ti kọ́ni, ni ó ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Justin yìí náà sọ pé wọ́n ń gbé oúnjẹ náà lọ bá àwọn tí kò lè wá, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ní fún opó, ọmọ òrukàn, aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n. Ibo lẹ ti gbọ́ ìmùlẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ fún aláìsàn nílé?

Ẹ̀yin oníwàásù wa, nígbà tí ẹ bá tún ṣí Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 11, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 27. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 17, kí ẹ sì kà á dé 34, kí àwọn bàbá tó ń mú fìlà gbọ́ ẹni tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí.