Nẹ́búlà: Fọ́tò Ohun Tí Ojú Kò Rí Lókè Ìkẹjà

Nẹ́búlà ni kùrukùru gáàsì àti eruku tó tẹ́ lọ salalu láàárín àwọn ìràwọ̀. Àwọn kan ń tàn. Àwọn mìíràn dúdú bí èédú: ìràwọ̀ ẹ̀yìn wọn tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ la fi ń mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ní Ìkẹjà àti Agége, òṣùpá àti Àgùàlà ni ojú ń rí dáadáa lálẹ́. Iná ilé-iṣẹ́ Ọba Akran, Ọ̀gbà àti Òrégún ń tàn sókè, ti pápákọ̀ òfurufú ń tàn pẹ̀lú, sánmà á wá pọ́n bí ẹni da epo sí i. Bí NẸ́PÀ bá sì mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ti wà nílẹ̀.

Síbẹ̀, Ìkẹjà ní oríire tirẹ̀. Nẹ́búlà Orion, tó fi bí 1,300 ọdún ìmọ́lẹ̀ jìnnà sí wa, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí ilé kọjá gan-an ní ọ̀gànjọ́ òru oṣù Kejìlá. Nítòsí rẹ̀ ni eruku dúdú kan wà tó rí bí orí ẹṣin. Williamina Fleming, tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, ló kọ́kọ́ rí i lórí fọ́tò onígíláàsì ní Harvard ní 1888. Ní 1919, E. E. Barnard tẹ àkọsílẹ̀ irú eruku bẹ́ẹ̀ 182 jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ rò pé ihò lásán ni wọ́n.

Fọ́tò kan ṣoṣo kò tó láti fi gbé nẹ́búlà jáde. Wọ́n á gbé kámẹ́rà lé ẹ̀rọ tó ń yí tẹ̀lé ìràwọ̀, wọ́n á ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò ibì kan náà, kọ̀ǹpútà á sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo kọ̀ǹdọ́ kan ní ibùdókọ̀ Agége tó ń pe "Òṣòdì! Òṣòdì!" Fèrè mọ́tò, ìpolówó ọlọ́jà, orin olórin, kò sí èyí tó dún bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, igbe kọ̀ǹdọ́ nìkan ni kì í yí padà. Ẹni tó bá dúró pẹ́ á gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò: bí 100 bá parapọ̀, ariwo inú rẹ̀, ìyẹn àmì wínníwínní tó ń yí padà láti fọ́tò dé fọ́tò, á ku ìdá kan nínú mẹ́wàá. Wọ́n tún máa ń bo kámẹ́rà lójú, wọ́n á ya òkùnkùn lásán, kí wọ́n lè fi yọ àbàwọ́n ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá fa apá tó ṣókùnkùn sí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: fọ́tò tó bá ti ń dán bí léèsì òde ìnáwó, wọ́n ti ki àṣejù bọ̀ ọ́.

Fún nẹ́búlà tó ń tàn, fílítà kan wà tó ń ṣe bí asẹ́ ògì: ìmọ́lẹ̀ pupa háídírójìn á kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú iná títì á dúró sókè bí èérí. Pẹ̀lú rẹ̀, èèyàn lè ya Orion láti orí òrùlé pẹlẹbẹ ní Agége. Eruku dúdú kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí asẹ́ máa ṣà. Fún ọ̀pọ̀ wọn, àfi kí èèyàn gbé kámẹ́rà lọ síbi tó ṣókùnkùn. Àsìkò tí Orion yọ dáadáa gan-an sì ni ọyẹ́ ń gbé eruku Sàhárà dé, eruku ayé á wá bo ti ọ̀run.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: awò ìwo-ọ̀run Webb, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2021, ń lo ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tó ń gba inú eruku kọjá. Maggie Aderin-Pocock, tí àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1968, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí NIRSpec, ẹ̀rọ inú awò náà tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀. Bó pẹ́ tán, lẹ́yìn ọdún kan, ohun tí Webb yà á di ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dúdú àti funfun ni àwọn fọ́tò náà ń wá; ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn ló ń yan àwọ̀. Siril, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè fi ṣe é, kò gba kọ́bọ̀, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti Computer Village sì lè gbé e.