Ta Ni Kí A Fi Orí Lé Lọ́wọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ irun orí rí. Bí ó ti wù kí onídìrí mọ iṣẹ́ tó, ẹlòmíràn ni yóò di irun tirẹ̀ fún un. Ẹni tí ó bá jókòó síwájú onídìrí ti fi orí rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nìyẹn, orí kì í sì í ṣe nǹkan kékeré láwùjọ wa. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi máa ń ṣa irun tí ó bá já sílẹ̀ jọ, tí wọn a sì fi í pamọ́, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tó o.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi ara wọn: ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn gbé orí àwọn fún aṣerunlóge tí kì í ṣe ẹ̀yà àwọn? Àwọn kan rò pé ẹ̀tanú lásán ni ó bí ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn rẹ̀ wò, a ó rí i pé ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ jinlẹ̀ ju àwọ̀ ara lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, kì í ṣe ọwọ́ ìbátan nìkan ni a ń fi orí lé. Lóòótọ́, obìnrin a máa ní onídìrí tirẹ̀ ní àdúgbò, tí yóò jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀, tí onítọ̀hún yóò sì di ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọkùnrin, àwọn onígbàjámọ̀ Hausa tí ń kiri ìlú pẹ̀lú àpò abẹ wọn ni ó fá orí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa. Èdè wọn yàtọ̀, ilé wọn sì jìnnà, síbẹ̀ ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀ sí wọn. Irú irun tí wọ́n ń fá nílé ni wọ́n bá níbí. Ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n.

Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé òwò ẹrú, àwọn aláwọ̀ funfun ka irun gígẹ àti irùngbọ̀n fífá sí iṣẹ́ ìránṣẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ènìyàn dúdú. Ní 1787 ni wọ́n mú Pierre Toussaint ní ẹrú láti Saint-Domingue, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Haiti lónìí, wá sí New York. Ibẹ̀ ni ó ti di gbajúmọ̀ aṣerunlóge fún àwọn obìnrin funfun ọlọ́rọ̀. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́ kí ó tó gba òmìnira ní 1807. Ní Natchez, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, William Johnson, tí a bí sí oko ẹrú ní 1809, di agẹrun pàtàkì fún àwọn funfun. Ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sínú ìwé láti 1835 títí tí wọ́n fi pa á ní 1851. Ní Atlanta, Alonzo Herndon, tí a bí ní ẹrú ní 1858, kọ́ ṣọ́ọ̀bù agẹrun tó rẹwà sí òpópónà Peachtree. Nínú èrè iṣẹ́ yìí ni ó ti rí owó dá ilé iṣẹ́ abánigbófò sílẹ̀ ní 1905.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò: ènìyàn dúdú kò lè jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù Herndon. Bí ó bá jókòó, àwọn funfun kò ní padà wá. Ènìyàn dúdú ni ó ni ọwọ́, ṣùgbọ́n kò ní àǹfààní àga. Òwò yìí kò sì gba Herndon sílẹ̀, nítorí nígbà tí àwọn jàǹdùkú funfun dìde sí àwọn dúdú ní Atlanta ní 1906, wọ́n ba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ó di 1926, ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣòfin pé agẹrun dúdú kò gbọdọ̀ gẹ irun obìnrin funfun tàbí ti ọmọdé funfun tí kò tíì pé ọdún 14. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Georgia ni ó fagi lé òfin náà ní 1927.

Láàárín gbogbo àkókò yìí, ta ni ń tọ́jú irun ènìyàn dúdú? Àwọn fúnra wọn ni. Madam C. J. Walker, tí a bí ní 1867, kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin dúdú ní ìtọ́jú irun, ó sì sọ wọ́n di oníṣòwò. Annie Malone kọ́ ilé ẹ̀kọ́ Poro sí St. Louis ní 1918. Báyìí ni ìmọ̀ ṣe pín sí méjì. Ebi àti òfin mú kí ọwọ́ dúdú mọ irun funfun; kò sí ohun tí ó mú kí ọwọ́ funfun mọ irun dúdú.

Èso ìpín yìí hàn kedere ní Yellow Springs, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio. Agẹrun funfun kan níbẹ̀ kọ̀ láti gẹ irun ènìyàn dúdú. Àwíjàre rẹ̀ ni pé òun kò mọ bí a ti ń gẹ irú irun bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará ìlú tú jáde láti fẹ̀hónú hàn. Ọlọ́pàá yin tajútajú, wọ́n sì mú àwọn tó lé ní 100. Agẹrun náà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n àìmọ̀ tí ènìyàn kò fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn tí ó fi tì mọ́ ẹlòmíràn ni.

Àìmọ̀ yìí sì ń ṣèpalára. Irun wa ká kókó, nítorí náà òróró tí ń ti awọ orí jáde kì í tètè dé ṣóńṣó irun. Bí a bá yà á ní gbígbẹ láti ìdí, yóò já. Ó fẹ́ kí a kọ́kọ́ rin ín, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Bí a bá gẹ̀ ẹ́ ní tútù, yóò sún kì nígbà tó bá gbẹ, yóò sì kúrú ju bí a ti fẹ́ lọ. Bí a bá dì í le jù, iwájú orí lè pá. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí kò jẹ̀bi bí ó bá ń fura.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn mìíràn ń lọ sí ọ̀dọ̀ agẹrun dúdú nítorí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìbálẹ̀ ọkàn tí ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní 2021, wọ́n tún ìlànà iṣẹ́ àwọn aṣerunlóge ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kí irun aláwọ̀ dúdú lè wà nínú rẹ̀. Ní 2023, ìpínlẹ̀ New York ṣòfin pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣerunlóge máa kọ́ni ní ìtọ́jú oríṣi irun gbogbo.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé mímọ irun kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ni. Toussaint àti Herndon kò bá irun funfun wáyé; wọ́n kọ́ ọ ni. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi aṣerunlóge kí ó tó gbé òòyà kì í ṣe irú àwọ̀ tí ó ní, bí kò ṣe irú orí tí ó ti fi kọ́ṣẹ́. Bí ó bá ti kọ́ ọ, kí a jókòó. Bí kò bá tíì kọ́ ọ, kí ó lọ kọ́ ọ. Orí wa kọ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.