Adùn inú oògùn ikọ́

Kí oògùn ikọ́ inú ìgò tó wọ ilé Yorùbá, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ àti lékulẹ́jà ni wọ́n ti ń wá ohun tó ń kápá ikọ́. Àwọn àgbà kì í pe gbogbo ikọ́ ní ọ̀kan náà: ikọ́ fée yàtọ̀, ikọ́ ife yàtọ̀, oògùn wọn náà ò sì papọ̀.

Èyí tó kọ̀ tí kò lọ, orógbó àti oyin ni wọ́n sábà máa ń dojú rẹ̀ kọ. Wọn á bó orógbó, wọn á gé e wẹ́wẹ́ sínú ìgò, wọn á wá da oyin ìgàn lé e títí yóò fi bò ó. Ẹlòmíràn á gún atalẹ̀ tàbí aáyù mọ́ ọn. Bó bá ti lo ọjọ́ mélòó kan, oyin á ti fa omi ara wọn jáde. Oyin tó ki tẹ́lẹ̀ á ṣàn, á sì máa korò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ adùn. Ṣíbí kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Oyin yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn ọmọdé lásán. Ní 2019, NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú aláìsàn jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í sínú ìlànà ìtọ́jú ikọ́, pé kí èèyàn kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ kó tó sáré wá oògùn apakòkòrò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Ewé wéréńjéjé náà dùn lẹ́nu, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ fún ikọ́. Àmọ́ kóró rẹ̀, èyí pupa olójú dúdú tí wọ́n ń pè ní ojú ológbò, májèlé gidi ni. Ara ìtàkùn kan náà ni méjèèjì wà, ẹni tó ń já ewé sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó ń po oògùn olómi nílé iṣẹ́ ò fi gbogbo ìgbà ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ní 1937, ní Amẹ́ríkà, wọ́n po oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Elixir Sulfanilamide pẹ̀lú diethylene glycol, omi kan tó dùn lẹ́nu tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Omi yìí kan náà ló pa ọmọ 47 ní Jos ní 1990, nínú oògùn ibà. Láàárín 2008 sí 2009, ó tún wà nínú My Pikin, oògùn eyín ọmọ ní Nàìjíríà: ó kéré tán, ọmọ 84 ló bá a lọ. Ní 2022, ó kan oògùn ikọ́ ní Gambia, nǹkan bí 70 ọmọ sì kú. Omi yìí nìkan kọ́ ni ewu inú ìgò: ní 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine àti kíkó o wọlé, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ti sọ ọ́ di ọtí.

Orógbó àti oyin ti wọ ìgò olórúkọ báyìí, tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Lára irú ìgò bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò wò.