Owó Kòkó àti Ìbínú Àgbẹ́kọ̀yà

Ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Abẹ́ igi kòkó ni owó rẹ̀ ti wá, àmọ́ ìjọba ló kó o jọ, ìjọba náà ló sì yàn án síbi tó wù ú.

Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó sílẹ̀. Àlàyé wọn dùn létí: nígbà tí ọjà bá dára lókè òkun, bọ́ọ̀dù yóò fi díẹ̀ pamọ́, kí ó lè fi gbé àgbẹ̀ ró nígbà tí ọjà bá kú. Wọ́n fi pamọ́ lóòótọ́. Gbígbé-ró ni àgbẹ̀ kò rí tó. Nígbà tí wọ́n pín bọ́ọ̀dù sí ẹkùn-ẹkùn ní 1954, ti Ìwọ̀-Oòrùn di àpò tí ìjọba ń tọwọ́ bọ̀. Kí á sọ òótọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 jẹ nínú owó kòkó, ọmọ àgbẹ̀ náà sì jàǹfààní rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé tó yí Àkànrán ká, nítòsí Ìbàdàn, ta ni wọ́n ń rí tí wọ́n ń pè ní ìjọba? Agbowó-orí ni, àti wolé-wolé tó ń yọjú sínú ìkòkò omi, tó ń wá ẹ̀sùn tí yóò fi gbowó. Ọ̀nà oko kò ṣeé gbà. Nígbà tó fi máa di 1968, ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́, owó-orí ń ga sí i, owó tí bọ́ọ̀dù ń san lórí kòkó kò sì tó nǹkan. Àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san lówó-orí, kò lé kan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ya lọ sí gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá sì yìnbọn. Àwọn ènìyàn kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ìjà kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 1969, àwọn àgbẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n tú àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Awólọ́wọ̀, tó ń bójú tó ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ló wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá Táfá Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, owó-orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ pẹ́ jùyẹn lọ. Ní 1986 ni ìjọba Babangida tó tú u ká. Owó kòkó sún mọ́ ọwọ́ àgbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ àyẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe lórí kòkó dẹ̀, èyí tí kò gbẹ dáadáa sì kún ọjà. Ohun tí ìjọba ì bá jọ̀wọ́ ni owó. Àyẹ̀wò ni kò yẹ kó jẹ́ kó bọ́.