Olè Ẹyin Kọ́, Òbí Ni

 Ẹ jẹ́ ká fi ewì sílẹ̀ díẹ̀ lónìí, ká sọ ìtàn. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹranko kan wà tí wọn ò wo ilé rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti pàdé rẹ̀. Mò ń wá ojúewé àtijọ́ kiri, irú èyí tí àwa ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń fẹ́ràn torí pé ó rí bí ayé àná: ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí òru, ìràwọ̀ kún inú rẹ̀, àwòrán kéékèèké ń jó, nọ́ńbà kan ń ka iye àlejò tó ti yà, àwòrán ẹni tó ń walẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. GeoCities kún fún irú rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1994, wọ́n pín in sí àdúgbò àdúgbò, kálukú sì ní nọ́ńbà ojúlé tirẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn dáínósọ̀ náà kọ́lé síbẹ̀. Nínú ojúewé kan tí mo kà, dáínósọ̀ kan gbé ẹyin lọ́wọ́, ó ń sá lọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Oviraptor, olè ẹyin. Mo rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí mo ka ìtàn rẹ̀.

Ní 1923, Roy Chapman Andrews kó àwọn òṣìṣẹ́ American Museum of Natural History ti New York lọ sí aṣálẹ̀ Gobi ní Mòngólíà. Wọ́n bá ìtẹ́ kan níbẹ̀, ẹyin inú rẹ̀ ti di òkúta. Dáínósọ̀ tí wọ́n ń pè ní Protoceratops ló pọ̀ lágbègbè yẹn, ni wọ́n bá ní òun ló ni ẹyin. Ṣùgbọ́n egungun ẹranko mìíràn wà lórí ìtẹ́ náà. Kò léyín, ẹnu rẹ̀ le bíi ti ayékòótọ́. Kí ló wá ṣe níbẹ̀? Ẹyin ló wá jí, àbí? Ní 1924, Henry Fairfield Osborn sọ ọ́ ní Oviraptor, ìyẹn olè ẹyin. Ká má parọ́ mọ́ ọn o, Osborn fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé orúkọ náà lè ṣi wá lọ́nà nípa ìwà ẹranko yìí. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ ná.

Ó di 1993 kí àwọn onímọ̀ mùsíọ́ọ̀mù kan náà, pẹ̀lú àwọn ará Mòngólíà, tó rí ẹyin tó jọ ti 1923 ní Ukhaa Tolgod, ní Gobi yẹn náà. Egungun ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀. Mark Norell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: kì í ṣe ọmọ Protoceratops rárá, ìdílé Oviraptor ló ti wá! Ní 1995 wọ́n tún kọ̀wé lórí òmíràn, ẹbí Oviraptor tímọ́tímọ́ tí wọ́n wá sọ ní Citipati ní 2001. Ó ká ẹsẹ̀ kò sáàárín ìtẹ́, ẹyin yí i ká, ó na apá méjèèjì bò wọ́n bí adìẹ tó ń sàba. Iyanrìn ló bò ó mọ́bẹ̀. Kò fi ẹyin sílẹ̀.

Yorùbá ní ẹni a bá lábà ni baba. Ẹni tí wọ́n bá lábà lọ́jọ́ náà, olè ni wọ́n pè é. Àní ní 2008, àwọn onímọ̀ kan yẹ egungun àti ẹyin irú wọn wò, wọ́n ní ó jọ pé akọ ló ń sàba. Baba gan-an kẹ̀!

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní jéésì tú, mo rí pọ́ọ̀sì ọmọ kíláàsì wa kan nílẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣí i kí n wo orúkọ, ẹni tó ni ín wọlé. Owó rẹ̀ pé, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, títí mo fi kúrò níléèwé yẹn, "Olè" ni wọ́n ń pè mí.

Òfin àwọn onímọ̀ ẹranko ni pé a kì í pa orúkọ dà torí pé kò yẹ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Oviraptor á máa jẹ́ olè ẹyin lọ ni. Ojúewé àtijọ́ ńkọ́? Yahoo, tó ra GeoCities ní 1999, ti ẹ̀ka Amẹ́ríkà rẹ̀ pa ní oṣù kẹwàá 2009. Àwọn olùyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní Archive Team ló sáré kó èyí tí wọ́n rí kó. Ẹlòmíì lè ní kí irú ojúewé tó parọ́ mọ́ ẹranko ṣègbé jàre. Èmi ò gbà. Tó bá ṣègbé, báwo la ṣe máa mọ ọ̀nà tí irọ́ gbà wọlé? Ẹ jẹ́ kó wà, ká máa wo ìràwọ̀ rẹ̀, ká sì kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣebí onílé ti gbé àmì síbẹ̀ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Osborn náà gbé tirẹ̀ síbẹ̀ ní 1924. Orúkọ ni gbogbo ayé gbọ́, wọn ò wo àmì.