Ooru Inú Ilẹ̀, Ìyapa Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, àti Ilẹ̀ Onne: Ìtàn tó Yẹ Kí Olùkọ́ Mọ̀

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ti Abẹ́òkúta tàbí Ìdànrè wá sí èbúté Onne, nítòsí Port Harcourt, yóò tètè ṣàkíyèsí ohun kan: kò sí àpáta níbẹ̀. Iyanrìn àti amọ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àwa olùkọ́ a sì máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń rìn kò kan Nàìjíríà, pé ti àwọn ará Japan ni. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn ilẹ̀ ló ṣí ibi tí ilẹ̀ Onne ti kóra jọ, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni ọ̀kan nínú ẹ̀rí ńlá ìmọ̀ náà ti jáde.

Ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn

Ní ọdún 1912, Alfred Wegener, ọmọ Jámánì, sọ pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo rí. Ó tọ́ka sí bí etí òkun wọn ṣe bára mu, àti sí egungun ẹranko àtijọ́ irú kan náà tí wọ́n hú ní ìhà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà fún un. Yorùbá ní, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí gan-an ni Wegener kò rí sọ: agbára wo ló lè gbé odidi ilẹ̀ rìn? Inú yìnyín Greenland ló kú sí ní 1930, nígbà tí àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Ooru ni ìdí rẹ̀

Arthur Holmes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú ìdáhùn wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi uranium inú òkúta ṣírò ọjọ́ orí òkúta. Ó mọ̀ pé bí uranium, thorium àti potassium ṣe ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń tú ooru jáde. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1931, ó ṣàlàyé pé ooru yìí ló ń ru ilẹ̀ sókè.

Ẹ jẹ́ ká wo ìkòkò omi lórí iná. Èyí tó wà nísàlẹ̀ gbóná, ó fúyẹ́, ó gòkè; èyí tó wà lókè tutù, ó wúwo, ó sì rì. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ ń ṣe. Kì í ṣe omi, àpáta líle ni, ṣùgbọ́n ooru ń mú un yí padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Èèpo ayé sì pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì. Àwọn onímọ̀ òde òní fi kún un pé awẹ́ tó ti tutù, tó sì wúwo, a máa rì lábẹ́ òkun, a sì máa fa èyí tó kù tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí láti Accra

Ní 1967, Patrick Hurley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti Brazil gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n rí i pé àpáta tó wà ní ìhà Ghana lọ sí ìwọ̀-oòrùn ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2,000 ọdún. Àwọn tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn títí dé Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 550. Àpáta Ìdànrè wà lára ìran kékeré yìí. Ààlà àárín wọn wọnú òkun nítòsí Accra. Bí Wegener bá sọ òtítọ́, ó yẹ kí ààlà náà tún yọ jáde nítòsí São Luís ní Brazil. Wọ́n wọn òkúta ibẹ̀, wọ́n sì bá ààlà náà níbẹ̀.

Bí Onne ṣe di ilẹ̀

Ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ là sí ọ̀nà mẹ́ta ní agbègbè tí à ń pè ní Niger Delta lónìí. Méjì di òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ̀kẹta gba ìhà àríwá-ìlà-oòrùn lọ, ó sì kú sójú ọ̀nà. Òun ni àfonífojì Benue. Odò Ọya àti Benue wá ń kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ dà sẹ́nu ọ̀nà yìí títí ó fi tó nǹkan bíi kìlómítà 12 ní jíjìn ní àárín rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi rí àpáta ní Onne. Ooru ilẹ̀ kan náà ló se òkú ewéko àti ẹ̀dá omi tó bò mọ́lẹ̀ di epo rọ̀bì, èyí tí wọ́n rí ní Oloibiri ní 1956, tí Onne sì fi di èbúté àwọn oníṣẹ́ epo.

Àgbálọgbábọ̀

Òkun tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa kọjá lọ sí Bahia, ooru abẹ́ ilẹ̀ ló là á, ó sì ń fẹ̀ sí i bí èékánná ṣe ń hù. Lóòótọ́, a jìnnà sí etí awẹ́ tiwa, síbẹ̀ ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984 àti ní Abuja ní 2018. Ọmọ tí a ti sọ fún pé ilẹ̀ wa kì í mì kò ní mọ ohun tó yẹ kó ṣe lọ́jọ́ tó bá mì. Nítorí náà, kí àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ fi èdè abínibí kọ́ wọn ní ìtàn yìí. Kí a fún wọn ní àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà kí wọ́n gé e, kí wọ́n tò ó pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n bi Wegener: kí ni ìdí rẹ̀?