Ọmọ Òfin: Ìbísí Ọmọ ní Ilẹ̀ Ròmáníà láti Ọdún 1966

Gbogbo àwa tí à ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni a mọ̀ pé orúkọ àbísọ a máa sọ bí nǹkan ti rí nígbà tí a bí ọmọ. Ṣùgbọ́n kí odidi ìran kan jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ní ilẹ̀ Ròmáníà, àwọn tí a bí ní ọdún 1967 àti àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni à ń pè ní 'decreței'. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀, 'ọmọ òfin' ni.

Láti ọdún 1957 ni òfin ti gba àwọn obìnrin ilẹ̀ náà láàyè láti ṣẹ́yún. Nígbà tí ó fi di 1965, bí a bá bí ọmọ kan, oyún bíi mẹ́rin ni a ti ṣẹ́. Nicolae Ceaușescu, tí ó gorí àlééfà ní ọdún náà, fẹ́ kí òṣìṣẹ́ pọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1966 ni ó gbé Òfin 770 jáde. Obìnrin kò gbọdọ̀ ṣẹ́yún mọ́, àfi tí ó bá ti lé ní ọdún 45, tàbí tí ó ti bí ọmọ mẹ́rin, tàbí tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, àti àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí sì ṣọ̀wọ́n.

Nǹkan bí ọmọ 274,000 ni a bí ní 1966. Ní 1967, iye náà di nǹkan bí 528,000. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ayé tí ó dẹrùn ni ó ń mú kí ọmọ pọ̀ lójijì, a lè fún un ní máàkì bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà láàrin 1946 sí 1964 ni ó ń sọ. Ti Ròmáníà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fojú inú wo kíláàsì kìn-ín-ní tí iye ọmọ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti èṣí! Àwọn ọmọ yìí ń fún ara wọn pa láti ilé-ìwé dé ẹnu iṣẹ́. Àwọn ìyá wọn ńkọ́? Kò pẹ́ tí iye ọmọ tí à ń bí tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, nítorí pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ́yún. Àwọn tí ó bá a lọ lé ní 9,000 kí 1989 tó parí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni a sì kó sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, bẹ́ẹ̀ ni òbí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàyè.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ará ìlú tú síta ní Timișoara àti Bucharest. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n pa Ceaușescu ní ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ìjọba tuntun fagi lé Òfin 770. Àwọn tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ òfin jẹ́ ẹni ọdún 22 nígbà náà.